Owó Wúrà Tí Kò Dáni Lóhùn

Wúrà máa ń sùn. Obìnrin alágbẹ̀dẹ wúrà tí ìtàn yìí dá lé lórí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Bí èèyàn bá gbé ẹyọ owó wúrà sórí ìka, tó rọra fi èékánná kàn án létí, á ta jí. Á kọ́kọ́ mí, lẹ́yìn náà á kọrin, orin tín-ín-rín, gígùn, bíi ti ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ láti òdìkejì odò, títí ohùn náà yóò fi wọ inú afẹ́fẹ́ lọ, tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò ní mọ ibi tó ti dákẹ́. Idẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Idẹ a pariwo bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bàbà a sọ̀rọ̀ díẹ̀, a sì gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Òjé ní tirẹ̀, odi ni. Lù ú títí ọwọ́ yóò fi ro ọ́, kò ní dá ọ lóhùn.

Nítorí etí rẹ̀ yìí ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Elétí-Ọfẹ. Nígbà tí orúkọ náà kọ́kọ́ jáde, ó bí i nínú, torí ẹni tó ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kò burú, ẹni tó bá ní ohun tó ń fi pamọ́ ni kó máa bẹ̀rù etí òun.

Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fèrèsé kan ló ní, abẹ́ fèrèsé náà sì ni tábìlì iṣẹ́ wà, èyí tí wọ́n gé ikùn rẹ̀ wọnú bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kí alágbẹ̀dẹ lè jókòó sínú rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n so awọ rírọ̀ kan sábẹ́ tábìlì náà tí ń gba ẹ̀rún wúrà tó bá já bọ́. Ẹ̀mú àti fáìlì tí wọ́n fi ń fá wúrà wà lára ògiri, òṣùwọ̀n kékeré wà nínú àpótí onígíláàsì, òkúta dúdú tí wọ́n fi ń ha wúrà wò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú páálí ìṣáná kan tí wọ́n tẹ́ òwú sí ni Ẹlẹ́rìí ń gbé.

Ẹlẹ́rìí, owó wúrà àtijọ́ ni, ẹyọ kan péré. Bàbá obìnrin náà tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi sílẹ̀ fún un. Ọba kan wà lójú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá náà a máa wí pé, "Bí ojú rẹ bá ń ṣiyèméjì, pe Ẹlẹ́rìí. Kó sọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí èkejì sọ tirẹ̀. Ìwọ ṣáà dákẹ́ láàárín wọn." Ìgbà tí àìní dé, obìnrin náà kò ta Ẹlẹ́rìí. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ dé, kò yọ́ ọ. Ẹni tó ta ẹlẹ́rìí rẹ̀, ta ni yóò bá a rojọ́?

Wúrà àdúgbò gbogbo ló ti gba ọwọ́ obìnrin yìí kọjá, òrùka ìyàwó, yẹtí ọmọ tuntun, ẹ̀gbà ọrùn àwọn tí kò lè rántí kí i lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọrùn òun fúnra rẹ̀ ṣófo. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní, "Ṣé agbẹ̀bí ló ń gbé gbogbo ọmọ tó gbà lọ sílé ni?" Wọn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán.

Àlá kan sì wà tó máa ń lá. Nínú àlá náà, á máa rìn ní ìsàlẹ̀ odò, omi kò ní tutù sí i lára bẹ́ẹ̀ ni kò ní gba èémí rẹ̀. Àwọn owó wúrà á sùn lọ rẹrẹ lórí yanrìn bí àwọn ọmọdé lórí ẹní. Á bẹ̀rẹ̀, á fi èékánná ta wọ́n jí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á máa kọrin. Bí ó bá wòkè, á rí ikùn ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kọjá lórí rẹ̀ bí ìkuukùu. Ó mọ ọkọ̀ náà. Ti ọkọ rẹ̀ ni.

Atukọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ó gbé èrò láti etí odò kan sí èkejì títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, á fi ìkúùkù ọwọ́ kan àwọn pákó ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, á tẹ́ etí, á gbọ́ èyí tó yè kooro àti èyí tó ti ń jẹrà nínú. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti pàdé. Ọmọge ni obìnrin náà nígbà náà, ó ń gbé yẹtí oníbàárà bàbá rẹ̀ sọdá. Ó rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé etí lé ara ọkọ̀, ó bi í pé, "Kí ló ń sọ fún ọ?" Ọ̀dọ́kùnrin náà kò gbójú sókè. Ó ní, "Ó ní ẹni tó dúró lẹ́yìn mi yẹn rẹwà." Láti ọjọ́ náà ni etí méjèèjì ti ń gbé inú ilé kan.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ afárá. Afárá dé, èrò lọ. Bàbá Atukọ̀ kò bínú, ó kàn ń fi ọkọ̀ náà pẹja ní òwúrọ̀, ó sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé, "Kò sí ẹni tó wọ ọkọ̀ mi tí omi gbé rí." Ohun tó fi ń gbéra ga láyé kò ju ìyẹn lọ. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní ìlú òkèèrè fi fóònù kan ránṣẹ́ sí i, bàbá náà sì rí odò tuntun. Á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á fi àtàǹpàkò máa ti ojú fóònù sókè, nǹkan á máa ṣàn kọjá: bàtà, oògùn, ilé ẹlòmíràn, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín. Láìpẹ́ yìí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tí kò ní ìdí. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Ọkọ̀ náà kò sí níbi tí wọ́n máa ń so ó mọ́ igi mọ́. Bàbá náà ní òun fi yá àwọn tó ń wa yanrìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, òjò jẹ́jẹ́ tó máa ń mú kí ilé dà bí inú igbá tí wọ́n dé ní ìdérí. Obìnrin náà ń fá etí òrùka kan. Ọkọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú áńkáṣífì tó dì ní kókó lọ́wọ́.

"Ìyá ilé, dijú."

"Kí n dijú, kí fáìlì gún mi lọ́wọ́?"

"Gbé fáìlì sílẹ̀, kí o sì dijú. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ ni o ní láti kọ́kọ́ fi sórí òṣùwọ̀n ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fáìlì sílẹ̀, ó dijú. Ó gbọ́ tí kókó áńkáṣífì tú. Lẹ́yìn náà, ohun kan dà sórí tábìlì: gbì, gbì, gbì, bí erùpẹ̀ tútù tó ń bọ́ lára ọkọ́.

Etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ kó tó lajú. Ìgbà tó sì lajú, wọ́n dùn ún wò. Ẹ̀kúnwọ́ owó wúrà ni, wọ́n ń dán lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ òjò, ọba kan wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Owó àwọn ọba àtijọ́ ni," ọkọ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ọ̀dọ́mọkùnrin. "Orí fóònù ni mo ti rí i. Bàbá obìnrin kan ló kú, ló fi odindi àpótí sílẹ̀ fún un, ó sì fẹ́ rìnrìn àjò, ìyẹn ló jẹ́ kó gbé owó rẹ̀ wálẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́, ọmọ ẹlòmíràn lò ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Èyí, tìrẹ ni. Yọ́ ọ. Fi rọ ẹ̀gbà ọrùn, kó gùn, kó dé àyà. Mo fẹ́ rí i lọ́rùn rẹ kí ojú mi tó ṣú."

Obìnrin náà gbé ọ̀kan. Ó tutù, ó sì wúwo. "Bàbá wa, ṣé ẹ dán an wò?"

"Háà! Ọkọ ta ni mí? Ọkọ alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí àbí ọkọ ahunṣọ? Mo yọ òòfà inú rédíò tó bàjẹ́, mo gbé e sún mọ́ ọn. Kò mira. Mo fi eyín tẹ̀ ẹ́. Ojú eyín mi nìyẹn, wò ó. Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé òòfà kì í fa wúrà, pé wúrà rọ̀?"

Òun ló sọ ọ́ lóòótọ́. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń sùn, tí wọ́n ń jí, ó ti ń já ẹ̀rún iṣẹ́ rẹ̀ sí i létí, ọ̀rọ̀ kan lónìí, ọ̀rọ̀ kan lọ́la, bí ẹ̀rún wúrà ṣe ń já bọ́ sínú awọ abẹ́ tábìlì. Kò sọ fún un rí pé òòfà kì í fa òjé náà, pé òjé tún rọ̀ ju wúrà lọ lábẹ́ eyín. Kí ló fẹ́ mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sáàárín tọkọtaya? Ọkọ̀ tí wọ́n kàn dé ìdajì ni bàbá náà fi wọ odò.

"Wọ́n ń dán gbinrin," ó wí. Irọ́ kọ́ nìyẹn. "Ẹ ṣeun, olówó orí mi. Ẹ lọ bọ́ aṣọ tútù yẹn, kí òtútù má baà wọ̀ yín lára."

Bàbá náà ń fi ẹnu súfèé lọ sínú yàrá bí ẹni tó tún rí ìgbà èwe rẹ̀ he.

Nígbà tó ku òun nìkan, ó ṣí páálí ìṣáná, ó gbé Ẹlẹ́rìí jáde. Ó fi í sápá kan òṣùwọ̀n, ó fi ọ̀kan nínú àwọn àlejò sápá kejì. Wọ́n dọ́gba. Ẹ̀rù bà á. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, ó mọ̀ pé wọn yóò wọ̀n ọ́n. Ó wá gbé méjèèjì nàró sórí gíláàsì, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àlejò sanra ju Ẹlẹ́rìí lọ. Wúrà, kékeré rẹ̀ ni ó fi ń wúwo. Ohunkóhun tó bá fẹ́ bá a dọ́gba lórí òṣùwọ̀n, àfi kó fẹ̀ tàbí kó sanra, kò sí ibi tó lè fi ìyẹn pa mọ́ sí.

Ó tò wọ́n sílẹ̀, ó ń wo ojú ọba wọn. Ọgbẹ́ kékeré kan wà nímú ọba àkọ́kọ́. Ó wà nímú èkejì. Ó wà nímú ẹ̀kẹta, ibì kan náà, jíjìn kan náà. Owó tó ti la ọwọ́ èèyàn kọjá, bí ó ti ní àpá tirẹ̀ ni ẹnìkejì rẹ̀ ní tirẹ̀. Ta ló bí ọmọ rẹpẹtẹ tí gbogbo wọn ṣubú lọ́jọ́ kan náà, tí òkúta kan náà sì ha gbogbo wọn nímú? Inú ẹyọ mọ́ọ̀dù kan ni wọ́n ti da gbogbo wọn. Ó ha ọ̀kan mọ́ òkúta dúdú. Ilà náà bẹ̀rẹ̀ ní pípọ́n, ó sì parí ní eérú.

Kò wá nídìí àtikàn wọ́n létí, ó ti gbọ́ wọn. Síbẹ̀, ó kàn wọ́n, bóyá ọ̀kan a ṣàánú rẹ̀. Wọ́n dákẹ́.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó rántí bí ohùn ọkọ rẹ̀ ṣe gbọ̀n. Ó wo Ẹlẹ́rìí. Èrò kan yọ́ wọlé bí ológbò: kí ló dé tí kò ní yọ́ Ẹlẹ́rìí? Ó lè fà á tín-ín-rín, kó rọ ọ́ ní ẹ̀gbà tó gùn dé àyà, kó sọ àwọn òjé yìí sí kòtò, kí bàbá náà máa wò ó lọ́rùn òun títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣú, láì mọ̀. Ó ṣáná sí fìtílà. Ahọ́n iná náà yọ ní búlúù, ó ń mí. Ó gbé Ẹlẹ́rìí sínú ìkòkò kékeré tí wọ́n fi ń yọ́ wúrà. Ọba àtijọ́ náà ń wò ó láti inú ìkòkò, ó dà bí ẹni pé oorun ń kùn ún.

"Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú oríire!"

Onígbàjámọ̀ òdìkejì ọ̀nà ni, ó fi ọ̀rá bo orí. Télọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Oríire wo?" obìnrin náà bi wọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ tún ń bi wá? Bàbá ti fi hàn wá lánàá. Ẹ fojú sí ọrùn o, ìgbà tí ẹ bá kó wọn sọ́rùn, a ò ní lè wo yín tààrà mọ́! Àwa náà fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ká rà á lónìí. Wọ́n ní ìpolówó náà yóò kúrò lójú fóònù kí oòrùn tó wọ̀."

"Mo ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì," Télọ̀ wí. "Mo bi Bàbá pé ṣé kí ẹ kọ́kọ́ bá wa wò ó. Wọ́n ní wúrà tó ti wọlé alágbẹ̀dẹ wúrà, ìbéèrè wo ló kù níbẹ̀?"

Onígbàjámọ̀ ní, "Èmi, owó ọmọ mi ni, èyí tí mo fẹ́ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù fún un. Mo ní kí owó náà bímọ díẹ̀ sí i ná."

Obìnrin náà na ọwọ́, ó pa fìtílà. Iná náà kú kó tó kan Ẹlẹ́rìí. Irọ́ tó fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ fún ọkọ rẹ̀ kò lè mọ sí ọrùn òun nìkan mọ́. Èrò ti wọ ọkọ̀.

"Ẹ má tíì tẹ nǹkan kan," ó wí.

"Ṣé kò sí o?"

"Mo ní ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀. Èmi àti Bàbá ń bọ̀ wá bá yín."

Télọ̀ wò ó bí ẹni tó ń wọn aṣọ tí kò tó. Wọ́n lọ.

Ó lè sọ ọ́ lójú wọn, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, ẹyin sì lohùn, ibi tí ó bá bọ́ sí ló ń fọ́ sí. Ó gbé Ẹlẹ́rìí àti ọ̀kan nínú àwọn àlejò, ó wọ yàrá lọ. Bàbá náà nà gbalaja lórí ibùsùn, ó ń gbọ́ òjò lórí páànù.

"Bàbá wa, ẹ dijú."

"Ó wá kàn mí!" Ó rẹ́rìn-ín, ó dijú.

Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé Ẹlẹ́rìí sórí ìka, ó kàn án létí. Orin náà jáde, ó yí yàrá po, ó bá òjò lọ. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà, obìnrin náà gbé èkejì, ó kàn án.

Pọ̀.

"Bàbá wa, bó bá jẹ́ pákó ọkọ̀ ni, kí lẹ máa sọ?"

Bàbá náà tẹ́ etí. "Tún lù ú."

Ó tún lù ú. Ẹ̀rín náà wà lójú bàbá, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkankan nínú rẹ̀ mọ́. Kò lajú.

"Pákó yẹn ti jẹrà," ó wí jẹ́jẹ́. "Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ èèyàn fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́." Ó mí. "Èwo nínú wọn ni tèmi?"

"Èkejì."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, olówó orí mi."

Òjò ń rọ̀. Ó fi ọwọ́ wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó rí i. "Mi ò yá ẹnikẹ́ni ní ọkọ̀ náà," ó wí. "Mo tà á ni."

Obìnrin náà dijú. Ó rí ikùn ọkọ̀ tó ń kọjá lórí rẹ̀ bí ìkuukùu, ó rí i tó ń lọ, tí kò yà. Nígbà tó yá, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí n gbọ́?"

"Ìwọ tó ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Mo fẹ́ kí ẹyọ ohun kan wà láyé tí mo máa ṣe, tí o kò ní ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀."

Ó gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó sọ fún un pé Onígbàjámọ̀ àti Télọ̀ wá, pé wọ́n ń dúró, pé owó ẹ̀rọ ìránṣọ àti owó ṣọ́ọ̀bù ọmọ ni wọ́n fẹ́ kó lé e. Bàbá náà dìde jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí.

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́?"

"Rárá, mo ní kí wọ́n dúró. Ẹ jókòó, màá lọ bá wọn. Màá ní èmi ni mo ṣì í wò, pé èmi ni mo ní ó dára."

"Ta ló tu ọkọ̀?" bàbá bi í. "Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n wọlé? Fún mi ní bàtà mi."

Nínú ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀, omi ń kán láti òkè sínú garawa. Télọ̀ jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń gẹrun, fóònù wà lórí itan rẹ̀, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín wà nínú fóònù. Bàbá Atukọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń ro lára rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ó wí. "Ọkọ̀ yìí ti lu. Kì í ṣe wúrà. Wọ́n lù mí ní jìbìtì, èmi náà sì fẹ́ fà yín wọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò balẹ̀. Télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Àná, ẹ ní ká yára. Lónìí tí a fẹ́ yára, ẹ ní ká sọ̀ kalẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ dá ra ìyókù?"

"Télọ̀!" Onígbàjámọ̀ jágbe. "Ẹnu rẹ gùn ju téèpù ọrùn rẹ lọ!"

Obìnrin náà mú Ẹlẹ́rìí jáde, ó fẹ́ kàn án kí wọ́n gbọ́. Télọ̀ mi orí. "Màmá, etí tiwa ò mọ ìyẹn. Ariwo ẹ̀rọ ti pa tèmi tipẹ́."

Bàbá mú ọ̀kan nínú àwọn owó tó rà jáde, ó na ọwọ́ kejì sí Télọ̀. "Fún mi ní àlùmọ́gàjí rẹ."

"Èyí tí mo fi ń gé aṣọ? Bàbá, ó máa kú o!"

"Bí èyí bá jẹ́ wúrà, gbogbo ìyókù jẹ́ tìrẹ."

Télọ̀ gbé e fún un bí ẹni tó ń gbé ọmọ fún oníṣègùn. Bàbá fi ẹnu àlùmọ́gàjí ńlá náà há etí owó, ó fi ọwọ́ tó ti tu ọkọ̀ láti kékeré tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń gé ọṣẹ. Ó fà á ya, ó nà án sí wọn. Wúrà tó wà lára rẹ̀ kò nípọn ju ìpẹ́ ẹja lọ. Inú rẹ̀ dúdú rẹ́súrẹ́sú bí ojú ọ̀run tó wà níta.

Omi kán sínú garawa. Télọ̀ dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá lórí irun tí wọ́n gẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹnu àìsinmi ni."

"Dìde, irun ti kún ọ lágbọ̀n. Wọ́n á rò pé o darúgbó."

Onígbàjámọ̀ ti gba fóònù, ó gbé e súnmọ́ imú. Alágbẹ̀dẹ wúrà fi ìka hàn án ibi tó yẹ kó wò nínú àwòrán náà. "Háà! Imú ọba! Ẹ wá wo imú ọba! Gbogbo wọn ló ní ọgbẹ́ nímú!"

"Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ti ń gẹrun ni?" Télọ̀ bi í.

Ẹ̀rín sọ wọ́n, títí kan bàbá, tó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di nǹkan mìíràn lójú rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ sì dúró síwájú rẹ̀ kí àwọn yòókù má baà rí i. Ìpolówó náà kúrò lójú fóònù kí oòrùn tó wọ̀, bí wọ́n ti wí. Kò tún kó ẹnikẹ́ni lọ ní àdúgbò yẹn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá jókòó sórí àga Onígbàjámọ̀ kò ní dìde láì gbọ́ ìtàn imú ọba. Orúkọ bàbá sì yí padà. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Olójé. Bí àlejò bá bi í pé irú orúkọ wo nìyẹn, á fa àga fún un. "Èmi ni," á wí. "Jókòó, kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Ṣé o ní fóònù?"

Ọkọ̀ kò padà wálé. Ẹni tó rà á ti kùn ún ní àwọ̀ mìíràn, ó sì ti gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Obìnrin náà kó àwọn owó náà lọ sẹ́yìnkùlé ní ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ó kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ kí èéfín òjé má baà gba imú rẹ̀ wọlé, ó yọ́ wọn. Àwọn ọba ọlọ́gbẹ́-nímú náà rì sínú ara wọn. Ó dà wọ́n ní wóró wóró, ó lu ihò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí okùn ìwọ̀ nílò ohun tí yóò fà á rì, òjé sì mọ iṣẹ́ yẹn dójú àmì.

Báyìí, etí odò ni wọ́n ń jókòó sí, ní ìdí igi tí wọ́n ti máa ń so ọkọ̀ mọ́. Bàbá á ju ìwọ̀. Òjé á fà á lọ sísàlẹ̀, omi á pa ojú dé.

"Ọrùn rẹ ṣì ṣófo," ó wí ní ìrọ̀lẹ́ kan, láì wò ó.

"Ó ṣófo. Orí yín ló ti ń gbára lé e láti ìgbà èwe wa. Ibo ni ẹ fẹ́ kí n fi ẹ̀gbà sí níbẹ̀?"

Bàbá rẹ́rìn-ín nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Oòrùn wà lórí omi, omi ń mí, ojú obìnrin náà ń dì. Ó tún wà ní ìsàlẹ̀ odò. Yanrìn tẹ́ lọ rẹrẹ. Àwọn wóró òjé sùn síbẹ̀, wọ́n dákẹ́, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n kọrin. Ó wòkè, kò rí ikùn ọkọ̀ kankan, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, láàárín ìmọ́lẹ̀ náà ni okùn kan ti sọ̀ kalẹ̀ wá, tín-ín-rín, ó nà gbọnrangandan. Ó na èékánná, ó kàn án. Okùn náà dá a lóhùn, ohùn gígùn, ohùn tí a kò mọ ibi tó ti dákẹ́.

"Ìyá ilé, jí! Jí, ẹja ti gbé e!"

"Ẹ rọra," ó wí, kò lajú. "Mo ti gbọ́ ọ."